Fóònù Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá: Kíkọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé Bí A Ṣe Ń Lo Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé yìí kọ̀wé pé kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n ka gbogbo ewu orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ení, èjì, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ọmọ. Ewu wà, n óò sì dé orí rẹ̀ láìfi bò. Àmọ́ mo ti jókòó síbi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọ á dákẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á délé, wọ́n á sì máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Èrò tèmi ni pé lílo íntánẹ́ẹ̀tì bó ti yẹ jẹ́ ohun tí à ń fi ọwọ́ kọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó ṣì í ṣe, kí wọ́n fi ibi tó ti ṣìnà hàn án, kí ó tún un ṣe. Bí ilé-ìwé kò bá fún un láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn yóò kọ́ ọ, kò sì dájú pé ẹ máa fẹ́ràn olùkọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á gba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá ná. Ní ọdún 2013, nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Aregbesola, wọ́n gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Ìwé fún iṣẹ́ 17 wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. 150,000 ni ìjọba ní òun fẹ́ pín. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lè ra ìwé Físíìsì kan ṣoṣo rí odidi àpò ìwé gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo yìn wọ́n nígbà náà, mo ṣì ń yìn wọ́n lónìí. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀: ẹ̀rọ náà kò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ nìkan ni ọmọ lè rí.

Irú ìpinnu tí òbí ń ṣe ni, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ kiri jáde ilé-ìwé láì tíì wá ohunkóhun rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú olùkọ́. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, lóru, pẹ̀lú dátà tó ń tán lọ, ẹ̀gbọ́n náà kò sì mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ.

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ilé-ìwé pa káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹ̀kọ́ bọ́ sórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti WhatsApp. Òbí tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní táàmù tó ṣáájú ló tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé fóònù, olùkọ́ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ilé-ìwé ṣí padà, fóònù kò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ a kó gbogbo ayé lé ọmọ lọ́wọ́ láì kọ́ ọ ní ohunkóhun nípa rẹ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àìsàn ń jà nígbà náà. Àìsàn ti rọlẹ̀ báyìí, ẹ̀kọ́ náà ni a kò tíì kọ́.

Dípò ẹ̀kọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ni a ní. Ẹ mọ kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń wí: èyí tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, tí fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kún inú rẹ̀, tí bátìrì àwọn mìíràn ti wú. N kò lòdì sí gbígba fóònù. Ọmọ tó ń wo fídíò lábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ń ṣàlàyé álíjẹ́bírà kò gbọ́ álíjẹ́bírà, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan kò lè yí ìyẹn padà. Ilẹ̀ Faransé ṣe òfin tó ka lílo fóònù nílé-ìwé léèwọ̀ ní ọdún 2018. Nígbà tí UNESCO gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè tó ní irú òfin tàbí ìlànà bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ọsirélíà tiẹ̀ kọjá ẹnu géètì ilé-ìwé: láti oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì bíi TikTok àti Instagram. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n fóònù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí táàmù bá parí, òbí á wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á dá a padà, ọmọ á sì máa lò ó lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lò ó kí wọ́n tó gbà á.

Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdáhùn. Olùkọ́ á ya máòsì sójú pátákó, á ya kíbọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà á yà á sínú ìwé yín, á sì fún yín ní máàkì. Ẹ̀rín ń pa yín; ó ń pa èmi náà. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́. Iná kò sí, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kò tó nǹkan, epo jẹnẹrétọ̀ tó wà nílẹ̀ sì wà fún títẹ ìbéèrè ìdánwò.

Síbẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣeé kọ́ láìsí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ẹ̀bólà ti wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ẹ̀bólà kò ní ràn yín. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níhìn-ín wẹ omi iyọ̀ lóru ọjọ́ náà. N kò ní kí ẹ nawọ́. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ènìyàn méjì kú ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbé bíi ogún lọ sílé ìwòsàn, nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu ní àmujù. Ta ló tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀? Kì í ṣe ọmọ JSS2. Ìyá ló pe ọmọ, bùọ̀dá ló pe àbúrò. Olóyè wà níbẹ̀, wòlíì àti àáfà wà níbẹ̀, olùkọ́ tó gba dìgírì wà níbẹ̀. Ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe é. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi máa ń pa mí bí àgbàlagbà bá ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ nìkan.

Ọ̀pọ̀ ìwé kíkà kò sì gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Sam Wineburg àti Sarah McGrew gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017. Ènìyàn 45 ni wọ́n kó jọ: onímọ̀ ìtàn 10 tó ti gba oyè dókítà, 10 tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ ìròyìn wò kí ó tó jáde, àti akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25. Lára ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni ojú-ewé ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé méjì tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 60,000. Èkejì jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tó yapa kúrò lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí tó kéré ló ṣeé gbà gbọ́ jù. Àwọn onímọ̀ ìtàn pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ èyí tí wọn ì bá mú. Wọ́n mọ ìwé kà, wọ́n sì fi sùúrù ka ojú-ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó bá wọn. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kò pẹ́ níbẹ̀. Kíá ni wọ́n kúrò lójú-ewé náà, wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n ń wádìí ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹgbẹ́ náà.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ wa, a kì í jókòó tì í kí ó máa ròyìn ara rẹ̀. A ó ṣe é lálejò, a ó gbà pé agbádá rẹ̀ dára, a ó sì rán ènìyàn lọ sí àdúgbò wọn láì jẹ́ kó mọ̀: irú ilé wo ni? Ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Àrùn wo ló ń ṣe wọ́n nílé wọn? Ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ agbádá wá ni. Ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rí.

Píríọ́dù kan tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní irú ìwádìí yìí, pátákó tí a fi ya máòsì sì wúlò gan-an fún un. Kí olùkọ́ kọ irú iṣẹ́ tí gbogbo wa ń rí gbà lórí WhatsApp síbẹ̀: ìjọba ń pín owó fún akẹ́kọ̀ọ́, tẹ ibí, fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ 10 kí owó tó wọlé. Kí ó wá béèrè pé ta ló ni àdírẹ́sì tí wọ́n ní kí a tẹ̀. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣubú. Ìkànnì JAMB ni jamb.gov.ng. Bí ẹ bá rí jamb.gov.ng.owotuntun.com, ẹ ó rò pé ọ̀kan náà ni, torí apá òsì ni ojú ń kọ́kọ́ bà. Apá ọ̀tún ni kí ẹ wò. Ohun tó ṣáájú .com gẹ́lẹ́ ló ń sọ ẹni tó ni ìkànnì, ìyẹn owotuntun, gbogbo jamb.gov.ng tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ síbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún ní .gov.ng, òun ló sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn nínú orúkọ náà, ṣáájú ìlà ìdágẹ̀rẹ́ (/) àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀lé e. Kí olùkọ́ kọ bíi mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, òótọ́ àti ayédèrú, kí àwọn ọmọ máa tọ́ka sí i, kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn. Lẹ́yìn náà, fóònù olùkọ́ nìkan ti tó láti wò ó bóyá Dubawa tàbí Africa Check, àwọn ayẹ̀ròyìnwò, ti yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Dátà tí yóò jẹ kò tó ti fídíò ijó kan.

Ti páásíwọọ̀dù kò gba àkókò. Nọ́ńbà tí báǹkì tàbí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí ọ, má kà á fún ẹnikẹ́ni létí, ìbáà jẹ́ bàbá ìjọ. Mo ti parí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá gùn díẹ̀ jù ú lọ. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti dé, olùkọ́ ń gba àròkọ tó dán mọ́rán, tí kò sì sí òórùn ilé ọmọ kankan lára rẹ̀. Àwa olùkọ́ fi igbe ta. (Ìwé ìpèsè ẹ̀kọ́ tí díẹ̀ nínú wa kó fún ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Olùkọ́ Yorùbá ni mo rò pé ó ní àǹfààní jù níbí. Kí ó ní kí ẹ̀rọ náà kọ nǹkan lórí ìsọmọlórúkọ, tàbí oríkì ìlú àwọn ọmọ, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó sì ní kí SS2 wá àṣìṣe inú rẹ̀. Àmì ohùn lè ṣì, ohun èlò tí wọn kì í lò nílùú wọn lè wọ inú rẹ̀, àkọlé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí lè jáde níbẹ̀. Ọmọ á ní láti lọ bi ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi bírò pupa tún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò ní tún dà á kọ ní àdàkọ bí ìwé mímọ́.

Mo ní n óò dé orí ewu. Ìwé ààbò ọmọdé tí wọ́n ń kọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí àwọn ilé-ìwé aládàáni wa ń tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́: àjèjì kan wà níbì kan tó fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Òtítọ́ ni. Àmọ́ nílẹ̀ tiwa, ó ṣeé ṣe kí àjèjì náà jẹ́ ọmọ SS3 tó ń jẹ ẹ̀bà nílé yín. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Meta tó ni Instagram kéde pé òun ti pa àkáǹtì bíi 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi ṣe irú gbájú-ẹ̀ kan: wọ́n á díbọ́n bí ọmọbìnrin, wọ́n á gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọkùnrin, wọ́n á wá halẹ̀ mọ́ ọn pé kó sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á tú u síta. Àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn dojú kọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ kan ní Michigan rán ọmọ ìyá méjì láti Èkó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan wà lára àwọn tí wọ́n halẹ̀ mọ́. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022.

N kò fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìwàásù. Kí wọ́n ka ìròyìn ẹjọ́ náà ní kíláàsì, kí wọ́n dá a rò. Ọmọ tó ń ṣe yahoo, ìyẹn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í rí ojú ẹni tó ń jà lólè. Àwòrán kékeré róbótó lójú fóònù ló ń rí. Kíláàsì ló yẹ kó ti mọ̀ pé ọmọ ọdún 17 kan, tó ń lọ sílé-ìwé, tí ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀, ló wà lẹ́yìn àwòrán yẹn.

Ohun tó tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti lé ní ogójì ọdún rántí káfè: a ń sanwó wákàtí, a ń sùn mọ́jú níbẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ wà lára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà jìbìtì. Òfin ọdún 2006 tiẹ̀ ní kí àwọn oní-káfè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC. Bí kò tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan wà nídìí ẹ̀rọ tó lè wò ọ́ lójú. Nísinsin yìí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò á ní kí ọmọ yá òun ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, owó kan fẹ́ wọlé, òun á fún un ní nǹkan níbẹ̀. Tàbí kí ó fi NIN rẹ̀ gba síìmù fún òun. Picker ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni EFCC máa kọ́kọ́ rí bí báǹkì bá ṣí ìwé. Ọmọ kò mọ̀, torí ẹnikẹ́ni kò là á yé e bó ṣe rí. "Má ṣe yahoo" nìkan ló gbọ́, kò sì rò pé yahoo lòun ń ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́: bí ọmọ SS2 bá gbé iPhone wọlé, tí ẹ kò béèrè ibi tó ti rí i, tí ẹ tún gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí olùkọ́ lè fi píríọ́dù kan ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, fídíò kan tó tú àṣírí àwọn ọmọdé síta tàn ká orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tó ń bú àwọn ọmọ náà gan-an ló ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ara wọn, ìyá ọlọ́mọ, bàbá ọlọ́mọ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ti wà nílẹ̀ nígbà náà: ẹni tó bá pín irú àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, tàbí kó san 20 mílíọ̀nù náírà, tàbí kó ṣe méjèèjì. Òfin kò béèrè bóyá ìbínú tàbí àánú lo fi pín in.

Ilé-ìwé náà sì ní tirẹ̀ láti tún ṣe. Ẹ lọ wo ojú-ewé Facebook ọ̀pọ̀ ilé-ìwé: ọmọ ọdún mẹ́fà nínú yunifọ́ọ̀mù, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kíláàsì rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, kéèkì níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá tan ọmọ náà lọ lẹ́nu géètì ti rí gbogbo ohun tó ń wá. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí a gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ọmọdé. Ìwé ìyọ̀ǹda náà kò ní ju ojú-ewé kan lọ. Mélòó nínú yín ló ti fọwọ́ sí ọ̀kan rí?

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọ yín lórí fóònù ní alẹ́ òní, ta ni yóò sọ fún? Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ fún bàbá, bàbá á gba fóònù. Bí ó bá sọ fún olùkọ́, wọ́n á bi í pé kí ló gbé fóònù wá ṣe, wọ́n á pè é jáde lórí ìlà láàárọ̀. Nítorí náà á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn gbójú lé. Kí ilé-ìwé yan olùkọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí gbogbo ọmọ mọ orúkọ wọn, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé ọmọ tó bá wá fẹjọ́ sùn kò ní jìyà ọ̀ràn fóònù. Kí àwọn olùkọ́ náà mọ ohun tí wọn yóò ṣe: kí ọmọ má san kọ́bọ̀, kí ó má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ torí ẹ̀rí ni, kí wọ́n ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, kí wọ́n dí ẹni náà lọ́nà, kí wọ́n fi tó ìkànnì náà létí, kí wọ́n sì bá òbí sọ ọ́ lójú ọmọ kí ó tó délé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ jíròrò lórí owó táàmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìjókòó yìí, pé kíkun géètì wà lára rẹ̀. Géètì yín kò burú. Mo gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ yọ dátà oṣooṣù fún olùkọ́ Kọ̀ǹpútà nínú owó náà, ẹ fún un ní píríọ́dù kan lọ́sẹ̀ láti JSS1, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì.  Bí ìbéèrè bá wà, mo wà níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè.